Ọmọrí Ìkòkò Tí Káfíńtà Gbé Sá

Ìgbéraga mọ aṣọ í wọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn a wọ owó, lọ́jọ́ mìíràn a wọ ìwé kíkà; ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ènìyàn ní jàǹbá gidi, aṣọ àánú ni í gbé wọ̀. Bí ó bá ti wọ̀ ọ́ wọlé, gbogbo ilé a dìde kí i. Bí ó ṣe wọlé tọ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ àfẹ́sọ́nà mọ́ ọn lọ́wọ́, ni ìtàn yìí.

Olùkọ́ náà ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá Gírámà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé bí ẹnìkan bá sáré wọlé tí ó ń ké pé iná ń jó, yóò kọ́kọ́ tún Gẹ̀ẹ́sì ẹni náà ṣe kí ó tó wá omi. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ń gbé. Bàbá yìí ti jẹ ọ̀gá ilé-ìwé rí. Ó ti fẹ̀yìntì láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n táì rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìntì, ó ń so ó mọ́rùn jẹun àárọ̀ ni. Bàbá Onítáì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, inú rẹ̀ kì í sì í dùn sí i.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ogun jà ní ìkọjá ààlà, ogúnléndé sì kún ìlú. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wọn bọ́ sí kíláàsì Ìyá Gírámà. Àwọn ọmọ onílé kò bá wọn jà, wọn kò bú wọn. Ṣe ni wọ́n kàn ń sún. Bí ọmọ àjèjì bá ti jókòó lórí àga gígùn, àwọn yòókù a sún kúrò, wọn a sún, wọn a sún, títí gbogbo wọn a fi kó sí ìpẹ̀kun kan bí ẹrù tí wọn kò di dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, àga náà kán.

Pírínsípà pàṣẹ ohun méjì: kí káfíńtà wá tún àga ṣe, kí Ìyá Gírámà sì tún ọkàn àwọn ọmọ ṣe.

"Fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ kọ́ wọn láàánú," ni ó wí, bí ẹni pé àánú jẹ́ orí kan nínú ìwé kíkà tí wọ́n fò lọ́dún tó kọjá.

Káfíńtà tí ó wá jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ogúnléndé ni òun náà. Ó dojú àga délẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí.

"Tíṣà, ta ló kan àga yìí?"

"Èmi ò mọ̀ o. Kí ló dé?"

"Inú ló ń bí i. Ìṣó mẹ́tàlá ló gbá mọ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo."

"Ṣé ìṣó kọ́ ló ń mú un dúró ni?"

"Rárá o. Igi ní ń mú igi dúró. Tí ẹ bá ti gbẹ́ wọn fún ara wọn, tí ọ̀kan wọ inú èkejì, ìṣó ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ìyá Gírámà débi pé ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ kí ọkùnrin náà tó mú òòlù. Ó yẹ kí ó ti fura sí ara rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Àrùn kan ń bẹ lára rẹ̀ tí kò mọ̀ ní àrùn: bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bá ti dára, a máa rò pé òun ni wọ́n sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Káfíńtà mú fọ́ọ̀mù kan wá bá a. Ìjọba ní kí gbogbo ogúnléndé fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdí tí wọ́n fi kúrò nílé. Ìlà mẹ́rin péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn méjèèjì a jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, láàárín ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ àti ife tíì tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀. Ó ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Káfíńtà ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka tí ó nípọn tí ó sì ní àpá, bí ẹni tí ń wá ibi tí igi ti là.

"Kí lẹ gbé nígbà tí ẹ ń sá?" ni Ìyá Gírámà bi í lọ́jọ́ kan.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọmọrí ìkòkò."

"Ìkòkò wo?"

"Ìkòkò ò sí níbẹ̀. Ọmọrí nìkan ni. Ìyá mi ní kí n gbé ìkòkò, oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi bá mú ọmọrí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo gbé e rìn. Oòrùn mú, mo fi bo orí. Òjò rọ̀, mo fi bo orí. Nígbà tó yá, gbogbo ọ̀nà ń kí mi, 'Ọ̀gbẹ́ni Ọmọrí, ẹ kú ìrìn!'"

Ìyá Gírámà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ tán.

"Ìyá yín ńkọ́?"

Ó fa fọ́ọ̀mù mọ́ra. "Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fún wa, tíṣà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká kọjá ẹ̀."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Kò kan ìlẹ̀kùn. Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí Káfíńtà kò wá nítorí iṣẹ́, Ìyá Gírámà rí i pé òun ti wo ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejìlá. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹta, ọkùnrin náà fi "ẹ" sílẹ̀, ó ń pè é ní "ìwọ." Ní oṣù kẹfà ó ní, "Mi ò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan ṣe. Ṣé wàá fẹ́ mi?" Ìyá Gírámà, tí í tún gbólóhùn gbogbo ayé ṣe, kò rí ohun tí yóò tún ṣe nínú ìyẹn. Ó ní òun yóò fẹ́ ẹ.

Ó ku Bàbá Onítáì.

Àbúrò Bàbá Onítáì lóbìnrin, Àǹtí Aránṣọ, ni ó gba iṣẹ́ alárinà. Ó wá ní ọjọ́ Ìsinmi, ó kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná lọ ṣí ìkòkò wò. Ìkòkò ńlá náà ni ìyá Ìyá Gírámà fi sílẹ̀ kí ó tó lọ sọ́run. Ọmọrí rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Tíréè tí wọ́n fi dá Bàbá Onítáì lọ́lá lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni wọ́n fi ń bò ó, oyè rẹ̀ gbogbo sì wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, kí ọbẹ̀ lè mọ ẹni tí ó ń bá gbé.

"Bọ̀dá mi," ni Àǹtí Aránṣọ wí nígbà tí ó jókòó tán, "ọmọ wa ti rí ẹni."

"Ẹni wo?"

"Káfíńtà ni. Ọmọlúàbí ni."

"Ọmọ ta ni?"

"Mo ní ọmọlúàbí ni, Bọ̀dá mi."

"Èyí tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni kí n wò báyìí? Tí mo bá fẹ́ wádìí bóyá wèrè wà nínú ìdílé wọn, bóyá olè wà níbẹ̀, ta ni kí n bi? Ogun tó lé wọn ni kí n lọ kọ lẹ́tà sí?"

"Wọ́n ní kò síkòkò tí kò lọ́mọrí. Ọmọ yín ti rí ọmọrí tiẹ̀, ẹ̀yin ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọrí!"

"Aránṣọ, má fi òwe dí mi lẹ́nu."

Ìyá Gírámà, tí ó dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn bí ọmọ ọdún méje, wọlé. "Bàbá mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ká máa wo ìwà."

"Mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Èyí kì í ṣe ìwé, ọmọ mi ni." Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Ẹ jẹ́ kó wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, aago mẹ́rin ọ̀sán. Kó mú ẹnìkan ṣoṣo dání tó lè jẹ́rìí ilé tó ti wá. Tí kò bá rí ẹni mú wá, kó má wulẹ̀ wá."

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni aláyẹ̀wò ilé-ìwé kọ lẹ́tà pé òun ń bọ̀ wá wo ẹ̀kọ́ tuntun tí ń kọ́ ọmọ láàánú. Ìyá Gírámà jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ kan láti kọ àkàyé tí àwọn ọmọ yóò kà lọ́jọ́ náà. Kò gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe rere, ìyọ̀ǹda kí ni ó tún ń wá? Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ́ tónítóní: ìtàn káfíńtà kan tí ó sá kúrò nílé rẹ̀, tí ó rin ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí ó dé orí ọmọrí ìkòkò, kálámù rẹ̀ dúró. Ó fojú inú wo ogójì ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín. Ó fojú inú wo aláyẹ̀wò tí ń wo aago. Ẹ̀rín kò yẹ àánú. Ó fa ìlà sí ọmọrí nínú, ó fi fọ́tò ìyá rẹ̀ rọ́pò, fọ́tò tí ọkùnrin náà gbé mọ́ àyà rìn nínú òjò. Òun fúnra rẹ̀ sunkún nígbà tí ó kà á. Ẹkún ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ a máa dùn.

Ó kọ àkàyé náà sójú pátákó pẹ̀lú àwọn ìbéèrè rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà sì yọrí. Ọmọbìnrin méjì sunkún, aláyẹ̀wò nu dígí ojú rẹ̀, Pírínsípà sì sọ pé kí wọ́n má pa pátákó náà rẹ́.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nítorí àríyànjiyàn. Ó nawọ́ sókè. "Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ọkùnrin náà mọ̀ pé à ń kà nípa òun?"

"Jókòó. Dáhùn ìbéèrè kẹrin," ni Ìyá Gírámà wí.

Ọjọ́ kejì, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, Káfíńtà wá tún fèrèsé kíláàsì ṣe. Nígbà tí Ìyá Gírámà wọlé, ó bá a níwájú pátákó, ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Ìyá Gírámà ni èyí tí kò ní dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀ títí ayé:

"O ti ń kà á já geere!"

Káfíńtà kò yíjú. "Ìbéèrè kẹrin. 'Báwo ni ó ṣe rí lára ọkùnrin náà nígbà tí ó wo fọ́tò ìyá rẹ̀? Máàkì mẹ́wàá.' Kí ni ìdáhùn?"

"Ìbànújẹ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Àti ìrètí."

"Ta ló gba mẹ́wàá?"

"Ọmọ kan. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é."

"Ó mọ̀ mí jù mí lọ nìyẹn. Èmi ì bá gba òdo." Ó kó òòlù àti ayùn rẹ̀ sínú àpò. "Mi ò ní fọ́tò, tíṣà. Mo sọ ohun tí mo gbé fún yín. Ó jọ pé kò tó yín."

Fún oṣù mẹ́ta gbáko ni ó ti ń pè é ní "ìwọ." Kò sí ìlẹ̀kùn tí a gbá tí ó tíì dún ní etí Ìyá Gírámà bíi "yín" yẹn.

Ó rán Àǹtí Aránṣọ sí i. Àǹtí Aránṣọ lọ, ó padà, ó ju gèlè rẹ̀ sórí àga.

"Ó kí mi dáadáa. Ó tún ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣe, kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dárúkọ rẹ, igi ló ń wọ̀n. Kí lo ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Ìyá Gírámà sọ fún un. Àǹtí Aránṣọ mú gèlè náà, ó ká a.

"Tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá fún mi láti rán," ni ó wí, "tí mo bá gé e sí ara tèmi, tí mo sì wọ̀ ọ́ jáde, tí gbogbo ayé ń yìn mí, kí lo máa pè mí?"

"Olè, Àǹtí."

"Mi ò ní í pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi alárinà ni mo jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ alárinà ò lè rin ìrìn ẹlẹ́ṣẹ̀ fún un."

Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Gírámà wọ kíláàsì, ó pa pátákó rẹ́. Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹfun.

"Ẹni tí a kà nípa rẹ̀ kò ní fọ́tò," ni ó wí. "Èmi ni mo fi fọ́tò sí i. Ọmọrí ìkòkò ni ó gbé. Mo rò pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé à ń kà nípa òun, n kò bi í. Lọ́yà bèèrè, mo ní kó jókòó. Gbogbo máàkì mẹ́wàá yẹn, èmi ni mo pàdánù wọn."

Ogójì ọmọ náà kò tíì rí olùkọ́ tí ó gba òdo rí. Ẹnìkan ní ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín fìn-ín, "Ọmọrí ìkòkò!" ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta tí ó ti òkèèrè wá, ọmọbìnrin tí kò tíì la ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti dé, dìde. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó ní rímóòtù tẹlifíṣọ̀n ni òun gbé.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà pẹ̀lú ń rẹ́rìn-ín.

"Rímóòtù nìkan?" ni Lọ́yà bi í. "Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?"

"Ó jó. Ilé jó. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Àbúrò mi ní kí n tẹ ilé wa padà."

Ẹ̀rín náà kú, kò kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kú láti orí àga kan dé èkejì. Àṣìṣe márùn-ún ni ó wà nínú ohun tí ọmọ yẹn sọ. Ìyá Gírámà kà wọ́n nínú ọkàn, nítorí ìwà kì í kú lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti di olùkọ́, kò tún ọ̀kan ṣe. Ó rí Lọ́yà tí ó sún lórí àga gígùn. Kì í ṣe sísún kúrò. Ó sún mọ́ ọmọ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Ọkùnrin náà ń fá pákó, eérún igi bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti sọ fún wọn pé kò sí fọ́tò," ni ó wí láti ẹnu ọ̀nà. "Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo purọ́. N kò wá bẹ̀ ọ́ pé kó o gbàgbé. Mo jẹ̀bi rẹ."

Káfíńtà fá pákó lẹ́ẹ̀mẹta sí i. "Wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Ó fi ọwọ́ gbá eérún igi kúrò lórí àpótí kan. "Jókòó."

Kì í ṣe "ẹ jókòó." Ìyá Gírámà jókòó kí ọ̀rọ̀ náà tó yí padà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ Ìsinmi, òun náà kò sì bi í. Ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìbéèrè sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Bàbá Onítáì wọ táì tí ó wúwo jù. Aago mẹ́rin lù. Ẹnikẹ́ni kò dé. Ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "Hẹn," ni Bàbá Onítáì wí. Ìyá Gírámà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó lé ogún ìṣẹ́jú, wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Káfíńtà dá wá, ó gbé ohun kan tí ó fi aṣọ wé sábẹ́ apá, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí àgbà kí ó tó kúnlẹ̀.

"Ẹni tí mo ní kí o mú wá ńkọ́?" ni Bàbá Onítáì bi í.

"Mi ò rí ènìyàn, sà. Èyí nìkan ló kù tó mọ ilé wa." Ó tú aṣọ náà. Ọmọrí ìkòkò ni, irin dúdú, etí rẹ̀ kan ti wó.

Bàbá Onítáì la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Àǹtí Aránṣọ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ ní kí n jẹ́rìí ilé, sà. Ilé wa ní yàrá méjì. Káfíńtà ni bàbá mi, ó kú kí ogun tó dé. Ọjọ́ tí àwọn ológun dé, ìyá mi ní kí n gbé ìkòkò. Mo sáré jáde. Ìyá mi wo ọwọ́ mi, wọ́n rí ọmọrí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ọmọ yìí!' Wọ́n bá padà wọlé lọ gbé ìkòkò." Ó fi àtàńpàkò nu etí ọmọrí tí ó wó. "Wọn ò jáde mọ́. Ẹ̀rín wọn ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn. Ìdí tí mo fi máa ń fi ẹ̀rín sọ ọ́ nìyẹn."

Ìyá Gírámà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìbéèrè kẹrin, máàkì mẹ́wàá. Ó ti rẹ́rìn-ín, ó ti sunkún, ó ti gba ìyìn lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì tíì gbọ́ ọ rí títí di òní.

Bàbá Onítáì gba ọmọrí náà, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, bí ẹni tí ń yẹ ìwé ìdánwò wò.

"Gbé ìkòkò ìyá rẹ wá," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀.

Ó gbé e wá. Bàbá Onítáì fúnra rẹ̀ ni ó ṣí tíréè tí oyè rẹ̀ wà lára rẹ̀ kúrò, ó fi í ti ògiri. Ó gbé ọmọrí lé ìkòkò. Ọmọrí yọ síta níhìn-ín, ó yọ síta lọ́hùn-ún.

"Ó tóbi jù," ni Káfíńtà wí pẹ̀lẹ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tí ó wọ ara wọn. "Kò bá a mu, sà."

"Ṣé ó bò ó?"

"Ó bò ó, sà."

"Ó tó."

Àǹtí Aránṣọ ni ó kọ́kọ́ sunkún, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ ni iná kò sí nínú ilé. Káfíńtà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá Onítáì ní kí ó dìde, ó ní àga wà.

Ìyá Gírámà jókòó tì í. Gbólóhùn kan wá sí i lọ́kàn lórí ìkòkò àti ọmọrí náà, gbólóhùn tí ó gún régé, irú èyí tí aláyẹ̀wò máa ń torí rẹ̀ nu dígí ojú. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì, kálámù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò wọ́n. Ó jẹ́ kí gbólóhùn náà kọjá lọ, ó sì di ọwọ́ tí ó ní àpá náà mú.